Kí ló ń rọ ara ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́: férémù ni àbí afẹ́fẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sọ ní ọ̀sán Sátidé kan ní Òkè-Ìléwó, Abẹ́òkúta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú oòrùn. Nígbà tí mo ń wọlé, mo ka kẹ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́bàá ògiri níta, inú mi sì dùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kẹ̀kẹ́ ni olùkọ́ fi ń lọ síléèwé, òun ni àgbẹ̀ fi ń lọ sóko, òun ni agbẹ̀bí fi ń lọ gbẹ̀bí lábúlé. Ìgbà tí ọ̀kadà dé ni kẹ̀kẹ́ di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún gbé e sọ̀ kalẹ̀, ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn ni pé: nínú irin, àlùmíníọ̀mù, titanium (mẹ́táàlì kan tó wọ́n), carbon (fọ́nrán dúdú tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ pọ̀) àti ọparun, èwo ni ká fi ṣe férémù kẹ̀kẹ́ tí kò ní máa fi ìyà jẹ ara? Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìdáhùn kan lẹ́nu àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ àti lẹ́nu àwa tí à ń rà á. Wọ́n ní irin a máa rọni lára, àlùmíníọ̀mù le bí òkúta, ẹni tó bá sì gun carbon, bí ẹni jókòó sórí òwú ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ náwó lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó yẹn bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àlùmíníọ̀mù kan ni mo ń gùn láti Ọ̀bàntokò lọ síléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Tí mo bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, ọrùn ọwọ́ mi méjèèjì á ti kú, débi pé ó máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó lè di ṣọ́ọ̀kì mú dáadáa. Ìbàdí á tún máa ro mí títí di ọ̀sán. Ọkùnrin kan tó ń ta tòkunbọ̀ wo kẹ̀kẹ́ náà, ó fi ìka gbá férémù, ó ní, “Bàbá, àlùmíníọ̀mù mà nìyí. Òun ló ń ṣe yín báyìí. Ẹ wá ti irin rà.” Mo ta kẹ̀kẹ́ mi lówó pọ́ọ́kú, mo fi owó lé e, mo ra ti irin, pupa fòò, kò ní àbùkù kankan. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí ọrùn ọwọ́ mi tún ń kú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí èmi tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n wọn nǹkan kí wọ́n tó gbà á gbọ́, mi ò wọn ohunkóhun. Ìgbà náà ni mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́.

Ẹ wo férémù kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú yín yìí. Onígun mẹ́ta méjì ni wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan wà láàárín ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún, èkejì di táyà ẹ̀yìn mú. Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ sí i tí férémù onígun mẹ́ta méjì yìí fi gbòde. Òun náà la ṣì ń gùn lónìí. Ẹ bi káfíńtà tó ń kan òrùlé ní ìdí rẹ̀. Tó bá fi pákó mẹ́rin kan onígun mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tì í, á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá fi pákó mẹ́ta kan onígun mẹ́ta, àfi kí pákó ṣẹ́ tàbí kí ìṣó yọ, kò ní kúrò níbi tó wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú onígun mẹ́ta ni pé ẹrù tó bá ti òkè wá kì í tẹ páìpù láti ẹ̀gbẹ́. Gbọọrọ ló máa ń gba inú rẹ̀ lọ. Ẹ mú igi mọ́ọ̀pù kan nílé. Ẹ gbé e nàró, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti orí. Ṣé ó kúrú? Kò lè kúrú. Ẹ wá tẹ́ ẹ sórí àga méjì, kẹ́ ẹ jókòó lé e láàárín. Ẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe máa tẹ̀ bí ọrun. Igi kan náà ni o. Bí férémù ṣe gba ìwúwo yín láti orí ìjókòó dé táyà ẹ̀yìn jọ igi tó nàró yẹn. Tí táyà ẹ̀yìn bá bọ́ sí kòtò, ìwọ̀n tí férémù fi ń tẹ̀ kì í sábà tó mìlímítà 1, ì báà jẹ́ irin, ì báà jẹ́ àlùmíníọ̀mù. Táyà tó fẹ̀ díẹ̀ máa ń tẹ̀ ju mìlímítà mẹ́rin márùn-ún lọ. Ìjókòó náà ń tẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pá tó gbé ìjókòó dúró ń tẹ̀ díẹ̀, ìdí ẹni pàápàá ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀dì wé e. Ẹ tẹ́ fóòmù tó nípọn sórí bẹ́ẹ̀dì onígi ìrókò, kẹ́ ẹ tẹ́ irú fóòmù kan náà sórí bẹ́ẹ̀dì onírin. Ẹ di ojú àlejò yín, kẹ́ ẹ ní kó sùn lórí méjèèjì. Kò ní mọ èyí tó jẹ́ igi yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ irin. Ohun tó rọ̀ jù ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Kí fóòmù wá fẹ́lẹ́ bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé ni àlejò á tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ egungun bẹ́ẹ̀dì. Táyà ni fóòmù kẹ̀kẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣùgbọ́n, sà, àlùmíníọ̀mù le ju irin lọ, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.” Mo mú ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ dání nítorí ìbéèrè yẹn gan-an.

(Níbí ni mo ti pín ìwé kàlẹ́ńdà fún àwọn tó jókòó níwájú.)

Ẹ ká ìwé kan tínrín-tínrín bí igi ṣọ́ọ̀kì. Ẹ di orí méjèèjì mú, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀, àbí? Ẹ wá mú irú ìwé kan náà, kẹ́ ẹ ká a kó tóbi tó agolo mílíìkì, kẹ́ ẹ lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kò gbà fún yín bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ ò fi ìwé kún un, ìwúwo wọn dọ́gba, ìbú ihò àárín rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Bí páìpù bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tí ìwúwo rẹ̀ kò sì yí padà, agbára rẹ̀ láti kọ títẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ó ku ọ̀rọ̀ irin àti àlùmíníọ̀mù. Tí a bá kó ìwọ̀n méjèèjì kan náà, tí a ní kí líle irin jẹ́ 200, ti àlùmíníọ̀mù kò ju 70 lọ, ti titanium á sì tó nǹkan bí 110. Ẹ ò rí i pé àlùmíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ló rọ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wo ìwúwo wọn náà: ègé irin tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan wọn gíráàmù 7.8, ti titanium 4.5, ti àlùmíníọ̀mù 2.7. Nítorí pé àlùmíníọ̀mù fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe férémù wá mú páìpù rẹ̀ fẹ̀ bí agolo mílíìkì wa yìí. Páìpù tó fẹ̀ ló mú kẹ̀kẹ́ náà le. Ìrísí ni. Irú ohun tí a fi ṣe é kọ́.

Ẹ̀rí wà níta. Ilé iṣẹ́ Vitus ní ilẹ̀ Faransé fi páìpù àlùmíníọ̀mù tínrín, tí kò fẹ̀ ju ti irin lọ, ṣe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní 979. Òkìkí rẹ̀ ni pé ó máa ń yí sọ́tùn-ún yí sósì lábẹ́ ẹni tó bá lágbára. Sean Kelly, ọmọ Ireland tó borí nínú Paris–Roubaix, ìdíje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1984 àti 1986, wà lára àwọn tó gùn ún. Lọ́dún 1983, Cannondale ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde, àlùmíníọ̀mù náà ni, ṣùgbọ́n páìpù rẹ̀ fẹ̀ gbòǹgbò. Òkìkí tirẹ̀ ni pé ó gan pa. Àlùmíníọ̀mù lèyí, àlùmíníọ̀mù lọ̀hún, ọ̀kan ń yí, ọ̀kan gan. Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnì kan ń pe àlùmíníọ̀mù lóòótọ́ ní “líle”, ẹ bi í pé páìpù rẹ̀ fẹ̀ tó báwo.

Ẹ kíyè sí i pé yíyí sọ́tùn-ún sósì yẹn yàtọ̀ sí títẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gun òkè Ìtòkú lọ sí Olúmọ á mọ̀ ọ́n nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ń gba kòtò mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa, nítorí mo mọ̀ pé àwọn àgbà wà níbí tí yóò sọ pé kò sí kẹ̀kẹ́ tó ń tuni lára bíi Raleigh dúdú ayé àtijọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá mi ní ọ̀kan. Ó máa ń gùn ún lọ sóko ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, a ó sì di iṣu mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn? Táyà rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 28 × 1½ sí lára, fẹ̀ tó mìlímítà 40, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ, sípíríǹgì ńlá méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń dún kíún-kíún tí bàbá mi bá ń gorí rẹ̀. Fóòkù iwájú, irin méjì tó di táyà iwájú mú, tẹ̀ síwájú bí ọwọ́ ẹni tó ń nawọ́ gba nǹkan, àti pé láàárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn jìnnà. Ọwọ́ rẹ̀ ga, kò sí ìdí kankan tí bàbá mi á fi da ìwúwo ara rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́. Nǹkan mẹ́rin márùn-ún ń rọ̀ ọ́ lára lẹ́ẹ̀kan náà, a wá gba gbogbo oyè náà fún irin! Ẹ yọ táyà yẹn, kẹ́ ẹ fi táyà tínrín sí i, kẹ́ ẹ fi ìjókòó ike líle rọ́pò awọ, kẹ́ ẹ wá gùn ún dé Ọ̀dẹ̀dá. Irin yẹn ṣì wà níbẹ̀, ìrọ̀rùn á ti lọ.

Mo ń padà bọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ pupa mi. Fọkanáísà kan ní Lafẹ́nwá ló máa ń fẹ́ táyà fún mi. Ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà tírélà ló fi ń fẹ́ tèmi. Àtàǹpàkò ló fi ń wọ̀n ọ́n: tí àtàǹpàkò rẹ̀ ò bá wọlé mọ́, á ní, “Ó ti kún, Dádì.” Inú mi a dùn, nítorí mo rò pé táyà tó le ni táyà tó dára. Ọmọ mi kan wá ra pọ́ǹpù tó ní géèjì fún mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kì í bọ ẹnu fáàfù, ọwọ́ géèjì náà sáré lọ dúró lẹ́bàá 90. Mo tẹríba wo ara táyà, mo fi ìka nu ẹrẹ̀ kúrò, mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́tà kékeré pé kò gbọdọ̀ ju psi 75 lọ (psi ni ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó). Mílímítà 35 ni ìbú táyà náà.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó ta kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́. Mo mú ọ̀nà kan, láti ilé mi dé Adátán, níbi tí ọ̀dà ti bó tí òkúta wẹ́wẹ́ sì yọ síta. Mo gùn ún pẹ̀lú 90. Lọ́jọ́ kejì mo jo afẹ́fẹ́ rẹ̀ wá sí 70. Lọ́jọ́ kẹta mo jò ó wá sí 50. Aago kan wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ náà, irú èyí tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ní 90, gbogbo ibi tí òkúta wà ni aago yẹn ti ń dún fúnra rẹ̀, gbirin-gbirin, bí ẹni pé ọmọdé ń ṣeré nídìí rẹ̀. Ní 70, ó ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 50, mo gun ọ̀nà náà tán, mi ò gbọ́ ọ àyàfi níbi kòtò kan tí mi ò tètè rí. Ọrùn ọwọ́ mi ò kú lọ́jọ́ náà. Férémù kan náà ni, irin kan náà, ìdí èmi kan náà. Afẹ́fẹ́ lásán ni mo yọ kúrò.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ gan-an nìyẹn. Ní bí ọdún 1860 sí 1870, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn ní Yúróòpù ní táyà irin lórí ẹsẹ̀ onígi, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ lórúkọ tó túmọ̀ sí “agbọn-egungun-jìgìjìgì”. Dókítà ẹran kan tó ń jẹ́ John Boyd Dunlop, tó ń gbé ní Belfast, rí i bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ olókùúta. Ó fi rọ́bà ṣe ọ̀pá tó ṣófo, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó fi aṣọ dì í mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ọdún 1888 ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ìrọ̀rùn ọmọ rẹ̀ ló ń wá, ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan tó ń jẹ́ Willie Hume gbé táyà yìí lọ síbi ìdíje ní Belfast, ó sì fi gbogbo àwọn tó kù sẹ́yìn. Ohun tó rọra tún ń yára. Lórí ọ̀nà tí kò dán, táyà tó le jù ń gbé ẹni àti kẹ̀kẹ́ sókè lórí gbogbo òkúta, agbára ẹsẹ̀ yín a sì ṣòfò lọ sínú gbígbọ̀n. Àwọn tó ń díje ní Paris–Roubaix lónìí ń lo táyà tó fẹ̀ tó mìlímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òkúta ọ̀nà ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ eré ni iṣẹ́ wọn.

Ẹ má ṣe torí èyí jo táyà yín di bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀ o. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré jù, tí ẹ wá já sí kòtò, etí ríìmù á fún tíúbù mọ́ ojú ọ̀dà, á dá ihò méjì tó jọ ojú eyín ejò. Fún ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 70, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 40, psi 40 sí 50 dára. Ẹni tó bá sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó ń gbé ẹrù, kó fi díẹ̀ kún un.

Ṣé ohun tí a fi ṣe férémù kò wá já mọ́ nǹkan ni? Ó já mọ́ nǹkan, ibòmíràn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Tí férémù irin bá sán, alájórin ìdí ọ̀nà á jó o, ẹ ó sì gùn ún lọ sílé. Ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù kì í pẹtà bẹ́ẹ̀, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alájórin ló lè jó o. Gáàsì argon àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ló ń fẹ́, ibi tí iná bá sì ti kàn án máa ń rọ̀. Titanium kì í pẹtà rárá, owó rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká rí i. Carbon fúyẹ́ jù gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tó bá forí sọ nǹkan, ó lè sán nínú kí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì máa dán. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, kó wò ó ní àwòtúnwò.

Mo fẹ́ràn ọparun. Ó ń hù lọ́pọ̀ létí odò Ògùn níbí, a kàn ń fi ṣe àtẹ̀gùn kọ́lékọ́lé ni. Ní Ghana, wọ́n ti ń fi ṣe férémù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á gbẹ ẹ́ dáadáa, wọ́n á fi okùn tí wọ́n rẹ sínú gọ́ọ̀mù líle we oríkèé rẹ̀. Òun àti carbon máa ń pa ìwárìrì kéékèèké kù ju irin àti àlùmíníọ̀mù lọ, irú ìwárìrì tí ẹ máa ń mọ̀ lọ́wọ́ lórí ọ̀dà tó rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé táyà á ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó dé ara ọparun.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn dìde. Ó ní, “Sà, férémù àlùmíníọ̀mù ni mo ní, táyà rẹ̀ tínrín. Ṣé kí n tà á ni?” Mo ní kí ó gbé kẹ̀kẹ́ náà wọlé. A dojú rẹ̀ dé lórí ilẹ̀. Mo ní kí ó ki ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sí àárín táyà ẹ̀yìn àti férémù, ní apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ní apá òsì. Níbí ni férémù ti ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ìrọ̀rùn, nítorí òun ló ń pinnu bí táyà tó lè gba inú rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Tí kò bá sí àyè, ẹ̀bẹ̀ kankan kò lè mú táyà tó fẹ̀ wọ ibẹ̀. Ìka rẹ̀ wọlé lápá ọ̀tún, ó wọlé lápá òsì, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. A wo iwájú náà, fóòkù ní àyè, bíréèkì kò sì dí i lọ́wọ́. Táyà tó wà níbẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25. Mo ní kó lọ wá 32, kó mú un lọ fún ẹni tó ní géèjì, kó sì jẹ́ kí férémù rẹ̀ dúró síbi tó wà.